Bí Kò Bá Kárí, N Kò Gbà

Ilé Ọdẹ́wùmí,
Lẹ́yìn Ọjà,
Ìpàpó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Sodiqat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Ìlọrin? Bàbá Ismaheel ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Ismaheel fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Òjò ti dá díẹ̀, iṣu tuntun sì ti jáde ní Ìlérò.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ti sọ fún ọ pé mò ń bá ọ̀gá mi jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bù mọ́ ọn fún ọ. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, ọ̀sán ni mo máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù kí àwọn olùtọ́jú lè bá wọn na ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa sì ti bá àwọn aláṣẹ ìfìwéránṣẹ́ ṣe àdéhùn pé akọ̀wé tó bá ní aláìsàn tàbí ọmọ ọwọ́ nílé lè yan iṣẹ́ àárọ̀ tàbí ti ọ̀sán, bí ó bá ṣáà ti rí ẹni bá a pààrọ̀, tí káńtà kò sì ṣófo. Ìyápọ̀ tí a jọ ń ta sítáǹbù ló bá mi pààrọ̀, nítorí àárọ̀ ló fẹ́ fi máa roko. Àdúràgbèmí tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ náà ti rí iṣẹ́ àárọ̀ tirẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ìta.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé. Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá ló ń jẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ kọ́ ló ń sanwó oṣù fún wa, ó sì da gbogbo ètò náà rú. Ó fi èmi sí ọ̀sán, ó fi Ìyápọ̀ sí àárọ̀, ó sọ Àdúràgbèmí di ẹni tí kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kan, ọmú kún un láyà ní káńtà títí aṣọ rẹ̀ fi tutù níṣojú àwọn oníbàárà. Ó sá wọlé, ó ń sunkún. Ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù kúrò lára mi.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní àdéhùn tí àwọn tó jù ú lọ fọwọ́ sí, òun nìkan kò lè yí i. Ó fún mi ní kúẹ́rì. Mo dá a lóhùn, mo sì ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ mi lọ. Àwọn méjì yòókù náà padà sí àyè wọn.

Nígbà tó yá, ó pè mí, ó sọ ohùn rẹ̀ di oyin: "Ìyá Favour, mo gbọ́ pé ara ìyá yín ò yá. Ẹ máa wá láàárọ̀. Ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ àwọn tó kù sílẹ̀."

Sodiqat, n kò ní purọ́ fún ọ, ọkàn mi fẹ́ gbà. Ìyá mi ló wà nílẹ̀! Mo délé, mo sọ fún wọn. Ahọ́n wọn ṣì wúwo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ já gaara: "Kíkẹ́, ta ni yóò wá gbà fún ìyá ọmọ yẹn?"

Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Bí kò bá kárí, n kò gbà." Ó ní òun yóò gbé mi lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbúròó mi. Mo ní kí ó kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ léèrè.

Ẹgbẹ́ sì dé. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnyẹmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ẹkùn wa, wá fúnra wọn. Wọ́n bi ọ̀gá níṣojú gbogbo wa pé ọjọ́ wo ni káńtà ṣófo rí. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá gbé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ẹkùn ni yóò dáwọ́ dúró. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìwé ètò iṣẹ́ àtijọ́ padà sára ògiri.

Ọ̀gá kì í kí mi mọ́. Àwọn kan ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, pé àgbà ni. Kí n bẹ̀ ẹ́ nítorí kí ni? Èèyàn kì í kúnlẹ̀ tọrọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ti wá fi mí ṣe aṣojú ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì wa báyìí. Bí ó bá tún dán an wò, ojú mi ni yóò kọ́kọ́ rí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu kan ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ gidigidi. Lánàá, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Tìrẹ ni mí, n kò sì tíì ṣetán láti panu mọ́,

Kíkẹ́ Ọdẹ́wùmí