Màmá ní Kí N Fi Tuntun Sí I

Tudun Wada, Jos,
9 Oṣù Kẹta, 1989.

Ẹ̀gbọ́n mi Akínwọlé,

Mo kí ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara wa le; ẹsẹ̀ Màmá ò wú mọ́.

Díìsìkì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ẹ̀rù bà mí láti fi ètò tuntun inú rẹ̀ rọ́pò èyí tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, kí ìtàn àwọn ará wa tó wá wa irin kùsà nínú ilẹ̀ ní Jos, tí Màmá ti fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ sínú rẹ̀, má baà parẹ́. Mo ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá ní, "Hábà, Abísọ́lá. Mo ti da gbogbo rẹ̀ kọ sórí díìsìkì mìíràn, lẹ́ẹ̀mejì. Fi tuntun sí i."

Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ló ronú kan ohun tí èmi tí mo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò rò. Mo fi í sí i, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù.

Olúwa yóò máa ṣọ́ yín nínú òtútù ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díìsìkì òfìfo mẹ́wàá ránṣẹ́. Màmá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Àbúrò yín,
Abísọ́lá