Ẹ Tú Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé Kejì sí Èbúté,
Abúlé Seodol,
Erékùṣù Jeju.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2014.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ Dolsaem,
Ìlú Chungju.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ KO MAL-SUN, TÍ WỌ́N DÈ MỌ́ BẸ́Ẹ̀DÌ NÍTORÍ BÓ ṢE Ń MÍ

Wọn ò tíì tú u. Mo fóònù láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan tún ní kí n máa ṣe sùúrù. Sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé sí ẹ̀yin gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi, Ko Mal-sun, tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ni wọ́n so ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò sọ pé ara ẹ̀ yá o. Èmi fúnra mi ni mo fà á lé yín lọ́wọ́. Látìgbà tí òkun ti gbé Bu Jeong-hwa, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń mòòkùn láti kékeré, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ó sì ń gbọ́ tí òkú ń pè é. Ẹ ní àìsàn ni kéèyàn máa gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo gbà. Ẹ ní ìbànújẹ́ ti di àrùn sí i lára. Mo tún gbà. Èmi tí mi ò wọ ilé ìwé rí, tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹja ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, mo gba gbogbo ẹ̀.

Èyí tí mi ò gbà ni ti Olùkọ́ Baek tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n dé, mò ń bó ọsàn fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká bí ẹni tó wá ra màlúù. Olùkọ́ nàka sójú ẹ̀: "Ojú yìí kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Kí là ń pè é?" Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ojú tó kú sí ìmọ̀lára!" "Ẹ káre." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé, "Màmá, ẹ ǹlẹ́ o."

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti súfèé. Ìlú yín jìnnà sókun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwa obìnrin tó ń mòòkùn wá ìgbín òkun, tá a bá yọrí, èémí tá a sé mọ́nú á jáde bíi súfèé. Òun la fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì wa ṣì wà láàyè. Ó ti mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lára. Tí ọkàn ẹ̀ bá dàrú, á sé èémí, á tún tú u.

Olùkọ́ ní, "Èyí ńkọ́?" Ọmọbìnrin kan ní, "Àṣetúnṣe tí kò nídìí!" Òmíràn ní, "Omi ti hó o! Ẹ gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, tolùkọ́ tolùkọ́. Mo ní, "Ìwọ olùkọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá tìẹ nìyẹn?" Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ìdánwò wọn ló kù sí dẹ̀dẹ̀." Ìdánwò!

Bí wọ́n ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Deok-sil, wọn ò ní gbọ́ súfèé lẹ́nu mi mọ́." Kò tíì sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Tó bá ti rí aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì báyìí, á sé èémí, kò ní tú u títí ètè ẹ̀ á fi dúdú. Lójú omi, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í délé. Ìtìjú ló ń pa á lọ, ẹ̀yin wá kọ ọ́ pé ó fẹ́ gbẹ̀mí ara ẹ̀, ẹ sì dè é lọ́wọ́. Ṣé ọwọ́ lèèyàn fi ń sé èémí ni? Ẹ tún rí orúkọ fún dídákẹ́ tó dákẹ́, Olùkọ́ Baek sì tún kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ padà wá kọ́ ìyẹn náà lára ẹ̀!

Mo bẹ̀ yín, ẹ tú u lónìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé òun tàbí èmi gbà. Kí Olùkọ́ Baek jókòó níwájú ẹ̀, kó tọrọ àforíjì, kó sì sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara ẹ̀ pé kó máa mí bó ṣe ń mí. Mò ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dópin.

Ṣùgbọ́n tí èémí yẹn bá já kí n tó dé, èwo nínú yín ni yóò jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún ránṣẹ́ sí mi.

Èmi tí mò ń dúró de orúkọ náà,
Ko Deok-sil,
Obìnrin òmùwẹ̀, àbúrò Ko Mal-sun.