Pàǹtí Tí Ẹ Ní Ẹ Ti Kó

Dádì Fẹ́yìsayọ̀,

Mo ti lọ sọ́jà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ẹ̀wà yín wà nínú kúlà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọkọ̀ akódọ̀tí ò ti yà sí àdúgbò wa, ìdin ti fẹ́ máa kan ilẹ̀kùn ìdáná. Níbi ìpàdé àdúgbò lánàá, Màmá Jesse ka èsì ìwé ẹ̀sùn tí a kọ sí ọ́fíìsì akódọ̀tí yín sókè: “A dúpẹ́ fún sùúrù yín. A ti kó gbogbo pàǹtí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.” Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń di imú kọjá lára pàǹtí náà láràárọ̀!

Mo ti kó àpò pàǹtí wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí bùùtù ọkọ̀ yín. Ẹ gbé wọn dé ọ́fíìsì, kí ìwé yín lè di òótọ́.