Okùn Pupa Ẹnu Àpò Èlùbọ́

Ẹ̀jìgbò,
14 Oṣù Kọkànlá, 1988.

Sàídátù ọmọ mi,

Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí Ìyá Àlíù ti ti Àbíjáànì dé. Mo bi í bóyá èlùbọ́ tí mo fi rán an sí ọ lẹ́yìn Iléyá ti tán. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Okùn pupa tí ẹ fi so ó ṣì wà lẹ́nu àpò!" Ó ní búrẹ́dì àti ẹyin díndín etí títì lẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, dòdò olóròóró lálẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rokà báyìí tí mo bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Kókó inú ọkà rẹ̀ kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n à ń jẹ ẹ́.

Ọmọ mi, n kò bá ọ jà. Mo mọ̀ pé ó ti máa ń rẹ̀ ọ́ kí o tó ti ọjà délé. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní àìsàn bàbá rẹ máa ń tọ ìdílé, ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí. Bí ẹ bá ń jẹ ọkà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó tó fún mi. Se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ kì í tajà, kí ọkọ rẹ rokà. Bàbá rẹ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un o.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín, ẹ ò ní ṣàìsàn.

Tètè kọ̀wé sí mi, kí o sì fi okùn pupa náà sínú lẹ́tà.

Ìyá rẹ,
Sàfúrátù.