Jákẹ́ẹ̀tì Pẹlẹbẹ Abẹ́ Kóòtù Pupa

Ojúlé Kẹtàdínlógún, Ọ̀nà Hazen,
Barlow, Vermont.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì.

Peg, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí orúnkún rẹ méjèèjì tó lé ọ kúrò lórí òkè wa. Ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa? Ṣé oòrùn Arizona ò tíì yan ọ́ gbẹ bí ẹja? Èmi wà o. Mo wà dáadáa, mo sì fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kà lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àyà rẹ ti ń já láti ọjọ́ tí o ti gbọ́ pé wọ́n yọ mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Fọkàn balẹ̀, kí o jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí irọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn olófòófó ibí ti rò fún ọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì ni. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré: méjìdínlógún sí ìsàlẹ̀ òdo. O ṣáà rántí iṣẹ́ àárọ̀ àwa Ẹgbẹ́ Adóòlà, àwa tí à ń dóòlà àwọn tó bá farapa níbi tí wọ́n ti ń fi síkì, pákó ẹsẹ̀ yẹn, yọ̀ lórí yìnyín òkè. Kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn oníbàárà gòkè, àwa la máa ń fẹsẹ̀ gun apá ibi tí àga orí okùn tó ń gbé èèyàn gòkè kò dé, pẹ̀lú ọ̀pá oparun léjìká, ká máa rì í mọ́ ibi tí òkúta fara pamọ́ sí kí wọ́n lè yà fún un. Mo gùn ún, òógùn bò mí. Kò pẹ́ púpọ̀ ni wọ́n pè mí pé obìnrin kan ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Peg, mo kúnlẹ̀ tì í, mo fẹ́ fi igi di ẹsẹ̀ náà, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n rìrì, eyín mi ń lura wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló wá ń bi mí pé, "Mà, ṣé kò sí o?" Èmi tí mo wá dóòlà rẹ̀! Duane ló wá gba okùn lọ́wọ́ mi, tó sì parí iṣẹ́ náà.

Duane Kittredge tí èmi àtìwọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn, òun ni ọ̀gá Ẹgbẹ́ báyìí. Ó dúró títí gbogbo èèyàn fi jáde nínú ahéré wa, ó wá ní, "Àǹtí Lorna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan. Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ lórí òkè yìí mọ́ títí dókítà á fi yẹ̀ yín wò, tí màá sì rí i pé ara yín ń móoru. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kóòtù pupa Ẹgbẹ́ yẹn, ẹ ó dá a padà ni." Mo ní, "Ìwọ Duane? Ìwọ tí mo nu ikun nímú rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o gun àga?" Ó kàn tẹrí ba. Ká ní ó bú mi padà ni, ì bá dùn mọ́ mi nínú.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn mú mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n tó rí kókó kankan, òtútù ló kọ́kọ́ mú mi. O rántí bí mo ṣe ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú oṣù Kẹfà, tí o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Duane ń sọ̀rọ̀ kóòtù, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ó ti padà dé. Ẹ̀rù bà mí, Peg. Mi ò lọ rí dókítà, mi ò sì sọ fún Carly ọmọ mi. Kí ni mo ṣe? Mo ra jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ́ mìíràn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ bọnú rẹ̀ títí ó fi wú bí ìrọ̀rí, mo fi sábẹ́ kóòtù pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà níbí: bí òtútù bá le sí i, fi aṣọ tó nípọn kún un. Mo lọ dán an wò lẹ́yìn ilé, lórí yìnyín. Òtútù náà tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Síìpù kóòtù ló gbà mí. Ó já. Mo bá gbé e lọ fún Odile Fournier, màmá tó ń tún gbogbo aṣọ wa tó ya rán nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ṣì ń pariwo mọ́ wa bí ọmọ ogún ọdún. Ó ní kí n wọ gbogbo rẹ̀ kí òun wò ó. Ó tẹ àyà kóòtù, ó tẹ ẹ̀yìn, ó wá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o pa aṣọ yìí? Ṣé ìyẹ́ ló ń móoru ni? Afẹ́fẹ́ àárín ìyẹ́ ló ń móoru! O wá fi kóòtù tó há gádígádí tẹ̀ ẹ́ pẹẹrẹ bíi búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé. O tún gun òkè, o làágùn sínú rẹ̀, ìyẹ́ mumi, o wá dúró sójú kan nínú omi tútù. Màálù gan-an á gbọ̀n!"

Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, kóòtù yìí ò há mọ́ mi tẹ́lẹ̀." Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́ fún un?" Peg, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lórí ìka. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún ni wọ́n ń pín kóòtù fún wa, ìwọ̀n tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ náà labẹ gé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo parí ìtọ́jú ni wọ́n wọ̀n mí, nígbà tí egungun àyà mi ṣe é kà. Màmá Odile bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Àìsàn lò ń wá kiri, ẹran ara lo ní! Oúnjẹ ń gba ibi tó yẹ lọ lára rẹ, ìyẹn ni kóòtù ò ṣe gbà ọ́ mọ́." Lẹ́yìn náà ló na abẹ́rẹ́ sí mi. "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tèmi ò mọ ẹ̀jẹ̀ wò o. Ká wá aṣọ fún ọ ná. Tí a bá ti rí i, wàá lọ bá dókítà, o fẹ́, o kọ̀."

Ọjọ́ kejì ló fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù síkì ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Síìpù tuntun ti wà lára kóòtù. Ó ní kí n wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn mi, kí n wọ aṣọ àárín lé e, kí n wá gbé kóòtù lé gbogbo rẹ̀. Kí n na ọwọ́ sókè, kí n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ de bàtà, kí n kúnlẹ̀, kí n mí kanlẹ̀. "Bí síìpù bá ti kérora, bọ́ ọ." Ti àkọ́kọ́ kérora. Ti ìkejì ò kérora, àmọ́ fìlà tí wọ́n rán mọ́ ọn ká jọ sí mi lẹ́yìn ọrùn bí òṣùká. Ìkẹta ni mo yọ ṣùtì sí, pẹlẹbẹ báyìí, tí kò nípọn ju súwẹ́tà lọ. Mo ní, "Èyí kẹ̀? Èyí tí mo lè fi lọ já ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé?" Ó ní, "Wọ̀ ọ́, má yọ mí lẹ́nu." Inú rẹ̀ jẹ́ irun kúkúrú tí wọ́n hun ní igun mẹ́rin mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jókòó sí. Abẹ́ abíyá rẹ̀ fẹ́lẹ́ kí òógùn lè bá ibẹ̀ jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bo ìdí, mo sì lè ṣí i láti òkè délẹ̀ bí mo bá ń gòkè. Mo fa kóòtù pupa dé e, mo mí kanlẹ̀. Síìpù ò sọ nǹkan kan.

Mo dúró de ọjọ́ tí òtútù yóò le dáadáa. Nígbà tó dé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bí àlejò, mo sì fi téèpù bo àmì Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn kóòtù gẹ́gẹ́ bí òfin wa fún ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹsẹ̀ gun ibi tí à ń ri oparun mọ́, mo làágùn tó bó ṣe yẹ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún wọ àga. Kí n tó jókòó dáadáa, Duane ti já sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Àǹtí Lorna, kí lẹ wá ṣe?" Mo ní, "Mo sanwó. Sún kúrò lára mi." A ṣì wà lágbedeméjì òkè nígbà tí okùn dúró gbagidi. Àádọ́ta ìṣẹ́jú gbáko la fi rọ̀ síbẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbá wa síwá sẹ́yìn.

Mò ń retí gbígbọ̀n náà. Ẹ̀yìn mi ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo bá gbé gbogbo ọkàn mi lé ẹ̀yìn, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kò wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò wá. Ogún, kò wá. Mo wá ń gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, àṣé eyín Duane ni! Ó ní, "Ẹ-ẹ-ẹ ò gbọ̀n ni?" Mo ní, "Ṣí síìpù rẹ kí n rí nǹkan." Peg, jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ! Ó ti tẹ̀ pẹẹrẹ sí i láyà. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí mi lójú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Peg nìkan ni màá sọ fún." Nígbà tí a dé òkè, ọwọ́ mi ni mo fi bá a tú ìdè bàtà síkì rẹ̀, torí tirẹ̀ ti kú tipiri.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ìgboyà pe dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ya àwòrán inú ara mi, wọ́n ní kí n lọ máa retí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè ṣàlàyé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn fún ọ. Lánàá, mò ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Dókítà ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Lorna. Kò sí rárá. Ẹ kàn ti sanra sí i díẹ̀ ni." Mo ní kó tún un sọ. Ó rò pé ti àìsàn ni mo fẹ́ tún gbọ́, mo ní rárá, ti sísanra náà. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, mo sunkún bí ọmọdé. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ku ohun kan. Èyí kọ́ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ lọ́dún yìí. Mo kọ ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ tí jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ já mi kulẹ̀, ojú ìwé mẹ́fà. Mo dágbére fún ọ níbẹ̀. Mo sọ ẹni tí yóò gba síkì mi, mo sì bẹ̀ ọ́ pé kí o máa pe Carly ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí mi ò bá sí mọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi sítáǹbù sí i, mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ náà. Láàárọ̀ yìí mo jù ú sínú sítóòfù, mo sì dúró tì í títí ó fi jó tán. Sítáǹbù rẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ rọra bó kúrò. Òun ló gbé èyí wá bá ọ.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún rẹ lágbára, kí ó fi ọjọ́ kún ọjọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ ká ní ìdí láti kọ irú lẹ́tà yẹn síra wa títí a ó fi hu eyín kẹta.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì fẹ́ lọ síbì kankan,
Lorna Desrochers.

Mo tún rántí: o ní wàá wá nínú oṣù Kẹta. Bí o bá fẹ́ ra aṣọ àárín, gbé kóòtù rẹ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ̀rẹ̀, kúnlẹ̀, mí kanlẹ̀, má tijú ẹnikẹ́ni. Bí o bá gbé ìrọ̀rí oníyẹ́ wá bá mi níbí, n ó dè ọ́ mọ́ ọkọ̀ tí a fi ń fa àwọn tó farapa, n ó sì fà ọ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé.