Má Yin Ọta Tí Mo Dì fún Ọ

Dubois, Wyoming,
Ọjọ́ Ẹtì, òwúrọ̀.

Darla, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ láti inú ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, pẹ̀lú ojú rẹ méjèèjì àti ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kí o tó ka ìyókù, mo bẹ̀ ọ́, gbé ìbọn rẹ sílẹ̀. Má yin ọ̀kankan nínú ọta tí mo dì fún ọ.

Orval aládùúgbò wa ló là mí lójú láàárọ̀ yìí. Ó wá gba ike ẹ̀tù rẹ̀ tó gbàgbé sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí mò ń di ọta rẹ. Ó gbé e sókè, ó mì ín, ó ní, "Merle, ṣé o ń bu ẹ̀tù mi sí kọfí mu ni? Ó mà ti fúyẹ́ o!" Mo rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu mi, mo ti rántí ibi tí ẹ̀tù náà lọ.

O mọ òfin ilé wa: ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ní í wà lórí tábìlì tí a ti ń di ọta, ẹnikẹ́ni kì í sì í báni sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀. Mo rú méjèèjì lọ́jọ́ náà. Orval gbé ike tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń sọ ìtàn ìbaaka rẹ̀ tó jábọ́ sódò, èmi náà ń fèsì. Ẹ̀tù inú àrọ tí mo fi ń rọ ọ́ sínú ọta tán, mo nawọ́ láìwòye, mo sì bu ti Orval sí i. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ni tirẹ̀, èyí tí í jó wàrà. Bí irú rẹ̀ bá wọ ìbọn gígùn tí o fi ń pa àgbọ̀nrín, ìbọn á fọ́ mọ́ni lójú. N kò mọ èyí tó dára nínú ọta náà, n kò mọ èyí tó burú. Bákan náà ni gbogbo wọn ń dán.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ? "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa dì í fúnra mi, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì." Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ọwọ́ yìí ti ń di ọta kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ."

Ẹ̀rù ń bà mí, Darla. Ìdájí ọ̀la ni ìgbà ọdẹ ń ṣí, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá ọ lórí ẹní. Mo tún mọ ìwà rẹ: bí o bá ti dé àgọ́, o máa ń yin ọta kan sí kùkùté igi, kí o lè mọ̀ bóyá ojú ìbọn yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí o ti yìn ín. N kò fẹ́ ronú kàn án.

Tẹlifóònù kì í wọ àgọ́ yín lórí òkè, orúnkún mi kò sì gbé mi gun òkè mọ́. Orval ló ń di gàárì mọ́ ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà nínú ohun tó fà á, èmi ni n ó lọ." Yìnyín ti ń bọ́ lórí òkè, ṣùgbọ́n bí ẹṣin kò bá yọ̀, á dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún mi. Ìbọn rẹ kò ní í kọjú sí ọ. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ gòkè ni yóò gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ wálé.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Merle Haskett.

Àfikún: Mo fi páálí ọta kan rán Orval sí ọ. Ọta ilé ìtajà ni. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé mi ni mo fi ń pe àwọn tó ń rà á ní ọ̀lẹ. Máa fi mí rẹ́rìn-ín títí o ó fi délé, ṣáà ti délé. Tábìlì náà ti di tìrẹ. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, n kò ní í sọ̀rọ̀.