Bí Mo Ṣe Pọn Kámẹ́rà Rẹ Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọkọ mi, àkọ́bí mi, ayàwòrán tí ojú rẹ̀ ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn ò rí,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ojú iṣẹ́ abẹ yẹn ti jinná? Ṣé o ń jẹun? Má sọ fún mi pé o ti jẹun nígbà tó jẹ́ pé bisikíìtì lo jẹ o, bisikíìtì kì í ṣe oúnjẹ, ohun tí à ń jẹ nígbà tí à ń retí oúnjẹ ni. Ọlọ́run tó gbé ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kò ní jẹ́ kí o padà síbẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé àwọn dókítà fẹ́ ya fọ́tò, kí wọ́n sì sanwó fún ẹ dáadáa. Bàbá rẹ ń kí ẹ. Wọ́n wà ní ìsọ̀ wọn níwájú ilé níbẹ̀ yẹn, wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ ẹnì kan délẹ̀, wọ́n ń bá táyà rẹ̀ jà. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́. Àbúrò rẹ obìnrin ti ń rán kọ́là fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni kọ́là tó rán lọ́sẹ̀ tó kọjá gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kó tó lè rí èémí mí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kí owó tó tán níbẹ̀. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú sọ fún ẹ pé ìyá àgbàlagbà kan dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀, pé ó pọn ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ọmọ mi, èmi ni. Ṣùgbọ́n n kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Jẹ́ kí n rò ó fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀hún, ìwọ ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, èmi náà ń kánjú kí ọkọ̀ tó máa gbé mi padà má lọ fi mí sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tí inú rírun yẹn kọlù ẹ́ nílé níbí, tí wọ́n sáré gbé ẹ lọ sí ọsibítù ìlú ńlá, kò sí ẹni tó rántí báàgì kámẹ́rà rẹ. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi ló wà, mo fi aṣọ bò ó kí adìẹ má lọ yé sí i. Ìgbà tí ara rẹ wá ń bọ̀ sípò, tí o pè mí pé iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá kan ti yọjú, pé tí o kò bá rí kámẹ́rà lò ní Sátidé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún, àyà mi já. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá ẹ dúbúlẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Afárá ojú ọ̀nà ìlú ńlá sì ti já lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ lọ, mọ́tò kò lè kọjá. Ìyẹn lo ṣe ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú fún mi, tí o ní o ti fi í sínú fóònù mi. Mo wá ìwé náà títí. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi fà á jáde.

O kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ikùn ọkọ̀. O ní èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà kan, ńṣe ni dígí rẹ̀ fọ́ bí ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀. Ẹni tó pọn ọmọ márùn-ún tí ẹyọ kan kò já bọ́, kí ni kámẹ́rà fẹ́ fi ṣe é?

Nígbà tí mo dé pápákọ̀, ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wọn máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tó bá ti rí èèyàn. Mo kí i, mo ní ẹ ṣeun o, mo rò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí òṣùwọ̀n, ó ní kí n gbé báàgì mi lé e. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wò mí, ó ní, Màmá, kílò méje la fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ gbé wọlé, èyí ti lé ní ìlọ́po méjì, ikùn ọkọ̀ ló ń lọ. Mo ní ikùn kẹ̀? Mo ní ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àìsàn ikùn ni, a ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikùn mọ́ nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ti ń kùn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ kóòtù, tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé ló ń ta, ló pariwo jù. Ó ní kí wọ́n gbé ìyá yìí kúrò lọ́nà, pé àwọn kan ní ibi tí wọ́n ń lọ. Mo yíjú sí i, mo ní gbogbo wa la ní ibi tí à ń lọ, ìdí tí a fi wá síbí nìyẹn, kì í ṣe pé a wá kí òṣùwọ̀n.

Ọmọbìnrin yẹn wá ṣàánú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní báàgì làwọn ń wọ̀n, àwọn kì í wọn ohun tó bá wà lára èèyàn. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn bá mi mu bí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé báàgì lọ sí kọ̀rọ̀ kan. O mọ kóòtù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí mo rán àpò kún inú rẹ̀ fún òwú àti bọ́tìnnì, òun ni mo wọ̀ lọ. Mo kó àwọn ojú kámẹ́rà rẹ, èyí tó gùn bí ife àti èyí tó kúrú bí agolo mílíìkì, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo kì wọ́n bọ àpò. Bátìrì àti wáyà lọ sí ìhà kejì kí n má baà wọ́ sápá kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí o máa ń gbé kámẹ́rà lé, mo fà á gùn, mo fi ṣe ọ̀pá, ta ló máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ àgbàlagbà? Kámẹ́rà fúnra rẹ̀, mo fi ṣáàlì wé e, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ìró pọ̀n ọ́n, mo fi ọ̀já gbà á. Kí n tó mọ̀, mo ti ń fọwọ́ gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nígbà tí mo padà dé ìdí òṣùwọ̀n, báàgì fúyẹ́ bí ìyẹ́, èmi ni mo wúwo. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ló ń sun, mo ní kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ ti lójú. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò níwájú bi mí pé ìwé ọmọ tí mo pọ̀n dà. Mo ní kì í ṣe ọmọ, òun ló ń bọ́ ọmọ.

Ibi tó kàn ni wọ́n ti fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ní kí n bọ́ gbogbo ohun tó wà lára mi sínú ọpọ́n. Mo ní ẹnì kan ní kí n wọ̀ ọ́, ìwọ ní kí n bọ́ ọ, ṣé ẹ kì í bára yín sọ̀rọ̀ níbí ni? Ó ní òfin ni. Mo bá tú ọ̀já, mo tú ìró, mo ń yọ ìbọ̀sẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ọpọ́n wọn ò tó, wọ́n lọ kó sí i wá. Ẹ̀rọ kan ń gbé ẹrù mì níhìn-ín, ó ń pọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Mo bi í bóyá iná inú rẹ̀ kò ní pa àwọn àwòrán tó wà nínú kámẹ́rà, ó ní rárá. Mo ní kó búra. Ó búra. Ó wá ní kí n tan kámẹ́rà náà kí òun lè mọ̀ pé kámẹ́rà ni lóòótọ́. Mo tẹ nǹkan kan, ó kọ mànà lójú rẹ̀. Tí o bá rí àwòrán ihò imú ọkùnrin kan níbẹ̀, má pa á rẹ́ o, ẹni ìjọba ni.

Mo tún dira láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wọ inú ọkọ̀. Àṣé ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò ní n kò lè pọn nǹkan jókòó, kò sì gbọdọ̀ wà lórí itan mi, inú àpótí òkè orí ló yẹ kó wà. Àpótí òkè ti kún. Ó ní òun á bá mi gbé e lọ sí ikùn ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ikùn tún dé! N kò bá a jà mọ́, agbára mi ti tán. Mo kàn tú ọ̀já, mo gbé kámẹ́rà dání, mo ń wò ó, omi sì ń bọ́ lójú mi, nítorí ojú rẹ nígbà tí wọ́n gbé ẹ kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn ni mo ń rí.

Ta ló jókòó tì mí? Oníbúlọ́ọ̀kù. Òógùn ti bò ó bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ó yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé ẹ̀rù ọkọ̀ yìí ń ba òun, pé tí n bá lè di òun lọ́wọ́ mú títí a ó fi balẹ̀, òun á gbé àpótí òun sílẹ̀ kó lọ sí ikùn, kí kámẹ́rà mi bọ́ sí àyè rẹ̀. Mo ní ṣé ìwọ tó ń pariwo lórí ìlà nìyí? Ó ní ẹ̀rù ló ń pariwo, kì í ṣe òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ní kí gbogbo wa fi fóònù sípò ọkọ̀ òfuurufú. Mo wo bí ọkọ̀ ṣe dúró, mo gbé fóònù lé itan, mo kọ orí rẹ̀ síwájú. Ọmọbìnrin yẹn tún ń fi ẹ̀wù kan hàn wá, kò ní apá, kò ní kọ́là, okùn ni wọ́n fi ń dì í. Mo bi í pé èló ni, mo ní tó bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo lè bá a ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Ó ní kì í ṣe títà, ìgbà tí a bá já sínú omi là ń wọ̀ ọ́. Oníbúlọ́ọ̀kù bá fún ọwọ́ mi bí ẹni ń fún kànrìnkàn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ó ń pè mí ní Ìyá mi, Ìyá mi, èmi náà ń gbàdúrà, n kò sọ fún un pé mo dijú. Títí di òní, ìka mi méjì kò tíì lè mú abẹ́rẹ́ dáadáa.

A balẹ̀ láyọ̀, mo sì tún pọn kámẹ́rà. O ń dúró níta, o ti rù, ṣòkòtò rẹ fẹ́ẹ̀ lè gba ẹni méjì. O tú kámẹ́rà kúrò lẹ́yìn mi, o yẹ̀ ẹ́ wò lókè, o yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ìgbà tí o rí i pé kò sí ibi tó ha, ìgbà náà lo tó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo rí i. N kò bínú. Ọjọ́ tí mo bí ẹ, èmi náà ka ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ rẹ tán kí n tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ń kí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń da ilé rú. Oníbúlọ́ọ̀kù gba nọ́ńbà mi, ó sì pè lánàá. Ó tún fẹ́ rìnrìn àjò lókè lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun á sanwó ọkọ̀ mi lálọ àti lábọ̀ kí n kàn wá di òun lọ́wọ́ mú. Bàbá rẹ fárígá. Wọ́n ní kò sí bí ìyàwó àwọn ṣe máa lọ di ọkùnrin lọ́wọ́ mú níbi tí ojú àwọn ò tó. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọwọ́ ló ń wá, àwọn náà ní ọwọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ gírísì kúrò ní ìka, wọ́n sì ti gé èékánná.

Nítorí náà, bí o bá ti gba owó ìgbéyàwó yẹn, bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí bàbá rẹ lè ra bàtà gidi, nítorí èyí tí wọ́n ń wọ̀, táyà kẹ̀kẹ́ ni ìdajì rẹ̀. Má fi í sí báǹkì o. Mo débẹ̀, wọ́n ní àkáǹtì mi ti sùn. Mo ní kí wọ́n jí i, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ mú fọ́tò méjì wá kí wọ́n tó lè jí i, bí ẹni pé kò ní dá mi mọ̀ mọ́. Fi í rán ẹni tó ń bọ̀.

Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn pátápátá. Ojú rẹ kò ní fọ́, iṣẹ́ rẹ kò ní fọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní kò sí àyè mọ́, ẹnì kan á dìde gbé ẹrù tirẹ̀ kúrò fún ẹ. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.

Bàbá rẹ ní kí n bi ẹ́: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń fẹ́ lókè ni, àbí ti òsì?